Dúpẹ́ oore àná: bó o ṣe lè máa rí ìdí ọpẹ́ nínú ọjọ́ lásán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ la fẹ́ sọ, àmọ́ kì í ṣe ọpẹ́ tá a máa ń jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú áńkáṣíìfù funfun lọ́wọ́, ìyẹn náà dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ọpẹ́ ọjọ́ Túsìdeè ni mo ń sọ, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bímọ, tí ẹnikẹ́ni ò ra mọ́tò, tí iná ò sí, tí owó sì ku díẹ̀ káàtó. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù láyé wa, tó bá jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀ nìkan la máa dúpẹ́, a jẹ́ pé ọpẹ́ wa ò ní ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ọpẹ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ. "Ọlọ́run o ṣé fún gbogbo ẹ̀" ò burú o, ṣùgbọ́n "gbogbo ẹ̀" yẹn ni kì í jẹ́ ká rí nǹkan kan pàtó. Ta ló ṣe é? Kí ló ṣe? Ìgbà wo? Tó o bá ti lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú ẹ ti ń là nìyẹn.

Ibi àdúrà tó o ti ń gbà tẹ́lẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Má wulẹ̀ lọ wá àsìkò tuntun, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí wàá fi gbàgbé ẹ̀. Tó o bá jẹ́ Mùsùlùmí, lẹ́yìn ìrun o ṣáà máa ń ṣe tẹ̀súbáà, Subhanallah 33, Alhamdulillah 33, kó tó kan Allahu Akbar. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ wa ń sáré ẹ̀ bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ já sílẹ̀. Mú mẹ́ta péré nínú 33 Alhamdulillah yẹn kó o so nǹkan kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn: Alhamdulillah, ara ọmọ yẹn ò gbóná mọ́, Alhamdulillah, aládùúgbò bá mi kó aṣọ tí mo sá nígbà tí òjò ṣú, Alhamdulillah, ẹni tó jẹ mí lówó san ìdajì. Mẹ́ta ti tó, fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Tó o bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, wo àdúrà ìdílé láàárọ̀, "Bàbá a dúpẹ́ fún ẹ̀mí, a dúpẹ́ fún àlàáfíà, ní báyìí Olúwa…" ìtọrọ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìṣẹ́jú kan ò tíì pé. Ṣe òfin kékeré kan nínú ilé: kẹ́nikẹ́ni tó tọrọ nǹkan, kí ẹni kọ̀ọ̀kan dárúkọ nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ lánàá àti ẹni tó ṣe é. Àwọn ọmọdé ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe, wàá gbọ́ "mo dúpẹ́ torí àǹtí yọ ẹran tiẹ̀ fún mi," gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, àǹtí tó rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ á wá máa wolẹ̀.

Ẹ̀sìn méjèèjì náà ló sọ ọ́. Nínú Kùránì, Súrà Ibrahim ẹsẹ 7, Ọlọ́run ní tẹ́ ẹ bá dúpẹ́, Òun á ṣe àlékún fún yín. Nínú Lúùkù orí 17, adẹ́tẹ̀ 10 ni Jésù wò sàn, ẹyọ kan ló padà wá dúpẹ́, ará Samáríà ni, àjèjì. Èmi máa ń ro tàwọn 9 tó kù yẹn gan-an, torí wọn ò ṣe ohun burúkú kankan, Jésù fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n lọ fara han àwọn àlùfáà, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ wa nìyẹn, kì í ṣe pé a jẹ́ abaramóorejẹ, à ń kánjú ni.

Lẹ́yìn àdúrà, ìgboro ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹni tó bá ń wọ dánfó l'Ékòó mọ bí kọ̀ńdọ́ ṣe máa ń so èèyàn méjì pọ̀ nítorí ṣéńjì. Èmi àti ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ata lé ẹsẹ̀, a jọ bọ́ sílẹ̀ l'Ọ́jọ́ta, kọ̀ńdọ́ tó ti bú mi látòkè wá na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí ìyá yẹn, ó ní kí àwa méjèèjì lọ pín in, mọ́tò ti ṣí. Wò ó, ọwọ́ ìyá yẹn lowó wà, èrò pọ̀ rẹpẹtẹ, tó bá kọrí sáàárín èrò báyìí, níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Ó ní "ọmọ mi, dúró," ó pe ọmọ tó ń kiri, ó ra pure water méjì, ó gba ṣéńjì, ó ka 500 sí mi lọ́wọ́, ó tún na pure water kan sí mi, ó ní oòrùn yìí mú jù. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀ títí dòní.

Mi ò ní fẹ ọ̀rọ̀ yẹn lójú, ata ìyá yẹn ò ní kí Èkó dáa. Àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè, nínú kọ̀ńdọ́ àti ìyá aláta, ta la máa délé ròyìn? Kọ̀ńdọ́ ni! A máa sín in jẹ, a máa sọ gbogbo ohun tó sọ, ìyá aláta ò ní sí nínú ìròyìn rárá. Nítorí náà, tó o bá délé, kó o tó ròyìn ẹni tó bú ẹ, kọ́kọ́ ròyìn ẹni tó ṣe ẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà o lè wá bú kọ̀ńdọ́ tẹ́rùn, mi ò sọ pé kó o má bú u.

Àwọn kan á ní káwọn máa kọ ọ́ sílẹ̀, ó dáa, jọ́tà lásán ti tó. Kò tiẹ̀ di dandan kó jẹ́ ojoojúmọ́. Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ méjì nípa èrò àti ìwà èèyàn, Robert Emmons àti Michael McCullough, gbé ìwádìí kan jáde l'Ámẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa kọ nǹkan bíi márùn-ún tí wọ́n ń dúpẹ́ fún, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 10, àwọn míì ń kọ wàhálà tiwọn. Àwọn tó ń kọ ọpẹ́ sọ pé ayé àwọn tẹ́ àwọn lọ́rùn ju tàwọn tó ń kọ wàhálà lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ o! Má wá sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ̀kọ́ tó o rí kọ́ nínú nǹkan tó o kọ, tó bá wà, kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí ò bá sí, fi í lẹ̀, kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ní ẹ̀kọ́, ìgbà míì pure water kàn tutù ni.

Ó wá kan àwọn ọ̀rẹ́. Ànọ́bì wa ní ẹni tí ò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó wà nínú ìwé hádíìsì Abu Dawud. Àwa Yorùbá kúkú ti ní èyí tó dùn jù, pé ẹni tó ṣe wá lóore lónìí, ilẹ̀ á mọ́ lọ́la, a tún máa lọ sọ pé ẹ ṣé àná. Fóònù ti fẹ́ pa á run. Ẹ̀mójì ọwọ́ méjì la fi ń dúpẹ́ báyìí, ó parí.

Bó o ṣe máa ṣe é rèé: lọ́jọ́ kejì, kí ọ̀sán tó pọ́n, pè é, tàbí kó o fi voice note ránṣẹ́, kó o sì dárúkọ nǹkan tó ṣe. "Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé àná o mà. Ẹ̀bà tẹ́ ẹ tẹ̀ fáwọn ọmọ mi nígbà tí mo pẹ́ níbiṣẹ́, wọ́n ní ọbẹ̀ tèmi ò dùn mọ́ o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kébi pa tiyín náà." Á ní "háà, kí ni mo ṣe, ẹ̀bà lásán," inú ẹ̀ á sì dùn wọ alẹ́. Tó bá jẹ́ ọ̀gbà ẹ ni, bú u díẹ̀ kó o tó dúpẹ́, ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ ẹ, jọ̀ọ́ má fi àdúrà gígùn tó o kọ́pì láti ibòmíì ránṣẹ́, rántí nǹkan kan tó ṣe lọ́dún yẹn kó o sọ ọ́.

Ohun kan wà tó máa ń ba ọpẹ́ jẹ́. Àwọn àgbà ní bá a bá dúpẹ́ oore àná, a ó gba òmíràn, àwọn kan wá sọ ọ́ di ọgbọ́n àtigba òmíràn, wọ́n á dúpẹ́ tán, wọ́n á ní "ẹ̀gbọ́n, 5k kan tún wà níbẹ̀…" Má dán an wò. Fi ìtọrọ sílẹ̀ di ọjọ́ míì, kódà tó bá ká ẹ mọ́ra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbà tó o bá pè ni ẹni yẹn á máa wo fóònù tí ò ní gbé e.

Má sì fi ọpẹ́ pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ẹni tó pàdánù ọmọ, ẹni tí wọ́n lé kúrò níbiṣẹ́, kì í ṣe ìwọ lo máa sọ fún un pé "ṣáà máa dúpẹ́, tàwọn kan burú ju tìẹ lọ." Ta ni "àwọn kan" yẹn? Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ò sí níbẹ̀ ká lè máa fi ṣe ọpẹ́. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ará fẹ́ra kù, ìyẹn ni ká sọ, ká jókòó tì í, ká bá a fọ abọ́. Tó bá fẹ́ dúpẹ́, á dúpẹ́ lásìkò tiẹ̀.

Tó o bá ti mọ tàná ṣe dáadáa, lọ síwájú díẹ̀, wá ẹnì kan tó ṣe ẹ́ lóore láyé àtijọ́, tíṣà tó bá ẹ san owó ìdánwò, ọ̀gá tó kọ́ ẹ níṣẹ́, ẹni tó gbà ẹ́ sílé nígbà tó o kọ́kọ́ dé ìlú. Wá nọ́ńbà ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ kàwé. Kúnlẹ̀ tàbí kó o dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu, kó o sọ nǹkan tó ṣe. Tó bá ní "ta nìyí o?" má jẹ́ kó dùn ẹ́, sọ orúkọ ẹ, sọ ìnagijẹ tó o ń jẹ́ nígbà yẹn, á rántí. Á bi ẹ́ pé kí lo wá fẹ́ báyìí, sọ pé o ò fẹ́ nǹkan kan. Kò ní kọ́kọ́ gbà ẹ́ gbọ́, á tún un bi lẹ́ẹ̀kejì.