Bí A Ṣe Ń Yan Gílóòbù Tó Bá Fìtílà Gíláàsì Aláràbarà Mu

Iṣẹ́ gílóòbù inú fìtílà tí wọ́n fi gíláàsì aláràbarà ṣe ìbòrí rẹ̀ ni láti mú kí àwọ̀ gíláàsì yọ, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ hàn sójú. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù, àwọn àwọ̀ tó fúyẹ́ á ṣá. Bí ó bá kéré jù, àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé tó ki á ṣókùnkùn biribiri. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo gíláàsì yín kí ẹ tó ra gílóòbù.

Lumen ni kí ẹ wò lára páálí, nítorí òun ni ó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó. Iná tí gílóòbù ń jẹ ni wáàtì ń sọ. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 40 ń mú nǹkan bí lumen 450 jáde, oníwáàtì 60 ń mú nǹkan bí 800 jáde, bẹ́ẹ̀ LED, ìyẹn gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀, tó ń jẹ wáàtì 4 tàbí 5 lè ṣe iṣẹ́ ti àkọ́kọ́. Lójú tèmi, lumen 450 ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ fún fìtílà orí tábìlì tó ń lo gílóòbù kan.

Láti ibẹ̀, irú gíláàsì ni yóò pinnu. Èyí tó ṣú bí wàrà, irú èyí tí John La Farge àti Louis Comfort Tiffany sọ di olókìkí ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, máa ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, ó sì ń tú u ká gbogbo ara rẹ̀, débi pé bí àwọ̀ rẹ̀ bá ki, ó lè gba lumen 800 láìsí wàhálà. Gíláàsì tó mọ́ gaara kò lè fi gílóòbù pamọ́. Lumen 200 sí 300 tó fún un, kí gílóòbù náà sì jẹ́ èyí tí ojú rẹ̀ funfun, nítorí èyí tí a ń rí inú rẹ̀ yóò máa ta sí ènìyàn lójú. Bí ìbòrí bá fẹ̀, gílóòbù kéékèèké mẹ́ta sàn ju ńlá kan lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ wọn á kárí.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Kelvin ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré, ìmọ́lẹ̀ á pọ́n bí oyin; bí ó bá pọ̀, á funfun. Kelvin 2700 ń gbé àwọ̀ pupa àti àwọ̀ oyin yọ; 3000 dára bí àwọ̀ aró bá pọ̀ jù lára ìbòrí. Èmi kì í dámọ̀ràn 5000 rárá, nítorí ó ń sọ àwọ̀ oyin di ràkọ̀ràkọ̀. Bí páálí bá kọ CRI, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an, kí ó tó 90, kí àwọ̀ má bàa yí padà.

Ẹ má ṣe kọjá wáàtì tí wọ́n kọ sí ibi tí a ti ń yí gílóòbù sí. Wáàtì tí LED ń jẹ gan-an ni òfin yìí ń bá wí, kì í ṣe “ó tó wáàtì 60” tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú páálí. Ooru gílóòbù àtijọ́ lè mú kí gúlúù tó di bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ etí gíláàsì tú díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ LED.

Ẹ dán an wò lálẹ́, kí ẹ pa iná yòókù, kí ẹ sì jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí. Ẹ wo ègé gíláàsì tó ki jù àti èyí tó fúyẹ́ jù: bí àwọ̀ àwọn méjèèjì bá hàn dáadáa, ẹ ti rí gílóòbù yín.