Òjò, Aṣọ Ọdẹ àti Kátíríìjì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ọdẹ Ekìtì. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, aṣọ kì í tètè gbẹ lórí okùn, kátíríìjì náà kì í sì í bọ́ nínú ewu. Bí òjò bá tilẹ̀ dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ìrì àti kùrukùru ṣì ń bẹ. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí òkè yí ká mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tó ń lo kátíríìjì nọ́ńbà 12 la kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Ọ̀rọ̀ ṣakabùlà, ìbọn ìbílẹ̀ tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, wà nísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, òjò ò kan àpò mi rárá. Láti ilé ni mo ti wọ aṣọ òjò, síbẹ̀ kátíríìjì méjì kọ̀ nínú mẹ́fà. Ibo lomi gbà wọlé?

Ìdáhùn: Òógùn yín ni, kì í ṣe òjò. Aṣọ òjò tó jẹ́ rọ́bà kì í jẹ́ kí ooru ara rọ́nà jáde. Ẹ gun òkè kan péré, inú aṣọ náà yóò ti rin gbingbin, àpò àyà gbérí, ẹ̀wù ọdẹ tí ẹ kó ọta sí, yóò sì mu ún. Bí kátíríìjì bá wà nínú irú àpò bẹ́ẹ̀ fún wákàtí márùn-ún, ó burú ju kí òjò rọ̀ lé e lórí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí iyọ̀ wà nínú òógùn. Iyọ̀ ń jẹ idẹ, ó sì tún máa ń fa omi mọ́ra.

Ojú ọ̀nà méjì lomi ń gbà wọ kátíríìjì oníke. Èkíní ni iwájú, níbi tí wọ́n ti ká ẹnu ike náà pọ̀. Èkejì ni ojú kékeré tó wà láàárín ìdí rẹ̀, èyí tí òòlù ìbọn ń gbá. Ara ike náà kì í gba omi. Kátíríìjì oníwèé àtijọ́ ni gbogbo ara rẹ̀ ń mu omi: á wú, kò sì ní wọ ìbọn mọ́. Ẹ má fi agbára tì í.

Ẹ wo ìdí àwọn tó kọ̀ yẹn. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ewé tàbí ìpẹtà yí ojú kékeré náà ká, ọ̀nà ibẹ̀ lomi gbà wọlé. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ mú ìwọ̀nba tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà dání, bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá. Ẹ di wọ́n ní méjì méjì sínú ọ̀rá kékeré tó ní ìdè lẹ́nu, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ wá kó wọn sínú àpò ọdẹ tó ń fì ní ìbàdí, lóde aṣọ òjò, tí ìdérí rẹ̀ gùn kọjá ẹnu àpò. Ìdí tá a fi ní kó jẹ́ méjì méjì ni pé bí ẹ bá tú ọ̀rá kan lójú òjò, ìyókù ò ní tutù.

Bẹ́líìtì aláwọ tí wọ́n ń to ọta sí lára ńkọ́? Ó dára fún ìrìn àjò ọjọ́ kan. Bí ẹ bá délé, ẹ tú gbogbo ọta inú rẹ̀ jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Èròjà tí wọ́n fi ṣe awọ máa ń bá ọ̀rinrin ṣiṣẹ́ pọ̀, á sì sọ idẹ di aláwọ̀ ewé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìbéèrè: Bàbá mi máa ń fi òróró pa ìdí kátíríìjì kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ṣé ó dáa?

Ìdáhùn: Kò dáa. Ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé ni òróró náà ń gbà, òun sì tún máa ń yọ́ wọ ibi tóóró ju omi lọ. Bó bá kan èròjà tó ń ṣáná nínú ojú kékeré yẹn, ó lè pa á. Òróró ìbọn, àdí, epo bẹntiróòlù, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ìbọn ni kí ẹ fi òróró pa, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nu ihò tí ọta ń wọ̀ kí ẹ tó ki ọta sí i.

Ìbéèrè: Ìbọn kọ̀ lójú òjò. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣí i. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ẹ ka oókan dé ọgbọ̀n ní pẹ̀lẹ́. Ọta tó ti lọ́ rinrin lè gbaná lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, bí ẹ bá sì ti ṣí ìbọn nígbà náà, ojú yín ni yóò bú mọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí i, ẹ yọ ọta náà, kí ẹ má sì tún un gbà lẹ́ẹ̀kejì.

Èyí tó léwu jù ni èyí tó dún, àmọ́ tí ohùn rẹ̀ kò ròkè, bí ìgbà tí ènìyàn wúkọ́. Ẹ̀tù ti rin, agbára rẹ̀ kò tó, ike tó wà láàárín ẹ̀tù àti ọta wẹ́wẹ́ sì lè há sínú ọ̀pá ìbọn. Ọdẹ tó bá yára ki òmíràn, tó sì yìn ín, ọ̀pá ìbọn lè fà ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ohùn ìbọn bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ dúró, ẹ ka ọgbọ̀n náà, ẹ yọ gbogbo ọta kúrò, kí ẹ wá yọjú láti ìdí ọ̀pá wo ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ tan iná sí i láti òdìkejì. Bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ yíká láìsí ìdíwọ́, ọdẹ ọjọ́ náà ti parí. Kò sí ẹran tó tó ìka ọwọ́.

Àyẹ̀wò yìí kan náà ni kí ẹ ṣe bí ẹ bá ṣubú lórí ilẹ̀ yíyọ̀, nítorí ẹrẹ̀ ẹnu ìbọn lè fà á ya bákan náà. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ yọ ọta, kí ẹ fi ìbọn sábẹ́ apá, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Omi kò ní rọ́nà wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Àpò mi já sínú odò Ògbẹ̀sẹ̀, ó sì pẹ́ kí n tó rí i yọ. Ṣé kí n sá kátíríìjì náà sórí páànù?

Ìdáhùn: Rárá o. Páànù tí oòrùn ń pa máa ń gbóná gan-an, ooru sì ń ba ẹ̀tù jẹ́. Ẹ má tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀gbẹ́ iná tàbí inú ààrò. Àmọ́ bí ẹ bá tilẹ̀ sá a síbòji, òde nìkan ló máa gbẹ. Omi tó ti wọ inú kò ní ọ̀nà tí yóò gbà jáde, ẹ kò sì lè fojú rí i. Gbígbẹ òde kì í ṣe àtúnṣe.

Ìyàtọ̀ tí à ń ṣe nìyí. Èyí tí òjò kàn ta sí lára, ẹ nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ tò ó sórí aṣọ gbígbẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún ọjọ́ kan, kí ẹ fi máákà fa ìlà sí i lára, kí ẹ sì kọ́kọ́ lò ó níbi tí ìkọ̀ rẹ̀ kò ti ní pa yín lára. Èyí tó bá rì sínú omi, ẹ yà á sọ́tọ̀, ó ti lọ. Ẹ má jù ú sínú iná, ẹ má jù ú sí ṣáláńgá, ẹ má sì tú u wò. Ẹ kó wọn padà fún oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, tàbí kí ẹ mú wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ń dun ni, pàápàá bí a bá ro owó páálí kan lóde òní, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ìbéèrè: Nílé ńkọ́? Mo máa ń tọ́jú tèmi sórí àjà ìdáná bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe, kí èéfín máa gbẹ ẹ́.

Ìdáhùn: Àgbàdo ni kí ẹ fi sórí àjà ìdáná. Ooru àti ẹ̀ta iná kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọta. Orí ilẹ̀ símẹ́ǹtì náà kò dára, nítorí ọ̀rinrin ń gbà á gòkè. Inú àpótí tó ní àgádágodo, lórí pákó tó ga sílẹ̀, nínú yàrá tí kò gbóná, tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, ibẹ̀ ló tọ́.

Nínú àpótí náà, ẹ wá ike tí ìdérí rẹ̀ há dáadáa, bí ike kọ́sítáàdì ńlá tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà mẹ́rin tó mọ́ tó sì gbẹ. Ẹ dán an wò kí ẹ tó fọkàn tán an: ẹ fi tíṣù gbígbẹ sínú rẹ̀, ẹ dé e, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ nu òde rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Bí tíṣù náà bá tutù níbì kan, ẹ wá òmíràn.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé àwọn ènìyàn ń kó ọta sínú ike lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ òjò. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ dé mọ́ ọn yẹn. Bí ilẹ̀ bá tutù lóru, á di omi sí ara idẹ. Ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn ràn, ní nǹkan bí aago méjì sí mẹ́ta, ni kí ẹ kó o, kí ẹ fi àpò kékeré tó ń fa omi sí i, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fún ike kan. Èyí tó ní hóró aláwọ̀ ọsàn ló dára jù, nítorí bó bá ti mu omi yó, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà di ewé. Bó bá ti yí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìrẹsì tútù kò fa omi tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò, ó sì ń pe eèrà àti eku. Bí kò bá sí ohun mìíràn, ẹ yan án gbẹ nínú ìkòkò láìfi epo sí i, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ dì í sínú aṣọ, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má lo iyọ̀.

Ìbéèrè: Aṣọ òjò ń dún ṣàràṣàrà, ẹran ń gbọ́ mi. Gbérí náà ń mu omi títí tó fi wúwo. Èwo ni kí n wọ̀?

Ìdáhùn: Gbérí, ṣùgbọ́n ẹ fi ìda oyin pa á. Àwọn tó ń sin oyin àti àwọn tó ń ta oyin lọ́jà máa ń ní ìda. Ẹ wá nǹkan bí gíráàmù 150, ìdajì rẹ̀ lè jẹ́ àbẹ́là funfun. Ẹ fi agolo tó ní ìda náà sínú ìkòkò omi gbígbóná kó yọ́. Ẹ má gbé e ka iná tààrà, nítorí ìda ń gbaná. Ẹ dà á sínú ife kékeré kó dì bí ọṣẹ.

Gbérí gbọ́dọ̀ mọ́, kó sì gbẹ. Ẹ fi ìda náà ra èjìká, ẹ̀yìn, ojú itan àti orí fìlà, títí tí ìda yóò fi hàn díẹ̀ lára aṣọ. Ẹ fi aṣọ àlòkù bò ó, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ lọ̀ ọ́ kí ìda wọ inú òwú. Ẹ gbé e kọ́ fún ọjọ́ kan. Abẹ́ apá àti ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ rí ìda, ibẹ̀ ni ooru ara yóò gbà jáde. Ẹni tó bá fi ìda pa gbogbo rẹ̀ ti ran aṣọ òjò mìíràn fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Bó bá dọ̀tí, ẹ fi omi tútù àti kànrìnkàn nù ún. Ọṣẹ oníyẹ̀fun máa ń yọ ìda kúrò, ohun tó bá sì ṣẹ́kù nínú òwú á máa fa omi, òórùn rẹ̀ á sì máa sọ fún ẹran pé ẹ ń bọ̀. Ẹ jìnnà síná tí ẹ bá wọ̀ ọ́, òwú tó ní ìda ń jó kíákíá. Láti ìgbà tó bá ti ń mu omi léjìká, ẹ tún un pa.

Ní abẹ́ rẹ̀, ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tín-ínrín tó ń tètè gbẹ, kí ẹ sì di òmíràn sínú ọ̀rá. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó dúró de ẹran lórí igi, ẹ pààrọ̀ èyí tó rin, nítorí òwú tútù lára ní aago mẹ́ta òru ń mú òtútù wọ egungun.

Ẹ má ká aṣọ tútù sínú àpò mọ́jú. Á bu, òórùn rẹ̀ kò sì ní lọ. Bàtà rọ́bà: ẹ rún ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìwé náà lẹ́yìn wákàtí méjì, kí ẹ dojú rẹ̀ dé orí igi.

Ìbéèrè: Mo ṣì ń lo iná káábáàdì. Ṣé mo lè kó o pọ̀ mọ́ ọta nínú àpò kan?

Ìdáhùn: Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Bí omi bá kan káábáàdì, gáàsì tó ń jó ló máa ń tú jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni iná yín ṣe ń tàn. Agolo tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó há, kó wà nínú àpò mìíràn, ní ìhà kejì ara.

Ìbéèrè: Àwa tí ṣakabùlà wa ní ìwé àṣẹ ńkọ́?

Ìdáhùn: Òjò ń bá tiyín jà jù, nítorí ẹ̀tù dúdú máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, eérú tó ń fi sílẹ̀ nínú ọ̀pá sì ń fa omi jù ú lọ. Ẹ fi omi gbígbóná fọ ọ̀pá lọ́jọ́ tí ẹ bá yìn ín gan-an, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi òróró díẹ̀ pa á. Bí ẹ bá ń rìn lójú òjò, ẹ fi awọ tí ẹ ti fi òrí pa wé ibi tí òòlù ti ń ṣáná, kí ẹ so ó lọ́nà tí yóò fi tètè tú.

Ẹ̀tù tó bá ti di kókó, ẹ má gún un, ẹ má sì sá a láti lò ó. Iyọ̀ inú rẹ̀ ti yà kúrò lára èédú, kò ní jó bákan náà mọ́. Ẹ da omi púpọ̀ lé e, kí ẹ gbẹ́ ihò bò ó, jìnnà sí kànga. Bí ìbọn tí ẹ ti kì bá kọ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kì í ṣe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ má sì fi irin tọ́ inú rẹ̀. Ẹ rọ omi sí ọ̀pá náà títí ẹ̀tù yóò fi rin tán, kí ẹ tó mú un lọ bá ẹni tó mọ bí a ti ń tú u, kí ẹ sì sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé ọta ṣì wà níbẹ̀.