Bí mo ṣe di nginx lẹ́rù fún sáfà mẹ́fà

Sáfà mẹ́fà ló wà níbi iṣẹ́ wa, Debian 11, ìyẹn ètò ìṣiṣẹ́ Linux kan, ló sì wà lórí gbogbo wọn. nginx 1.18.0, ètò tó ń gbé ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù fún ẹni tó bá béèrè, ló bá a wá. Àmọ́ mo nílò ssl_reject_handshake, èyí tó ń lé ẹni tó bá fi orúkọ tí kì í ṣe tiwa kanlẹ̀kùn padà, 1.19.4 ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n wá máa gbé gcc, irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di ètò, sórí sáfà mẹ́fà nítorí nginx kan? Rárá o. Mo ní kí n kọ́ 1.24.0 lẹ́ẹ̀kan, kí n dì í ní .deb, irú ẹrù tí Debian fi ń gba ètò wọlé.

Orí laptop mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe configure (ìmúrasílẹ̀), mo ṣe make (kíkọ́ gan-an), ó wá ku èyí:

make install DESTDIR=$HOME/eru

DESTDIR yẹn ló ń tan make jẹ: gbogbo ohun tí ì bá lọ sí /usr àti /etc, inú fódà eru ló ń dà sí. Ìgbà àkọ́kọ́ mo gbàgbé rẹ̀, mo sì ti fi sudo síwájú, ni laptop mi bá gbé nginx náà mì.

Mo ṣe fódà DEBIAN sínú eru, lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀, mo kọ fáìlì control síbẹ̀: Package, Version, Architecture, Maintainer, Description. Mo ní kí dpkg-deb, irinṣẹ́ tó ń di .deb, dì í, ó yarí: missing final newline. Mi ò tẹ Enter lẹ́yìn ìlà tó kẹ́yìn. Enter kan ṣoṣo!

Mo gbé e dé sáfà àkọ́kọ́. dpkg -i, àṣẹ tó ń fi .deb sórí ẹ̀rọ, gbà á wọlé, kò janpata. Mo pe nginx, ó ní òun ò rí libssl.so.3, àkójọ kóòdù tó fi ń ṣe ìsopọ̀ tó ní ààbò. Debian 12 ló wà lórí laptop mi, libssl3 ló ń lò; libssl1.1 ni ti àwọn sáfà. Mi ò sì kọ Depends kankan (ìlà tó ń sọ ohun tí ẹrù náà nílò), kí ni dpkg fẹ́ fi mọ̀? Mo fi debootstrap ṣe yàrá Debian 11 kékeré sínú laptop, mo tún un kọ́ níbẹ̀, mo sì kọ Depends: libc6, libpcre2-8-0, libssl1.1, zlib1g. Láti ìgbà náà, apt install ./ ni mo ń lò, torí dpkg -i kì í bá èèyàn wá ohun tó kù.

Èyí tó dùn mí jù ṣì ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì mo gbé 1.24.0-2 jáde, mo fi lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Àbúrò tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pariwo: "Bọ̀ọ̀dá, nginx.conf mi dà?" Ọjọ́ méjì ló fi tún fáìlì ìṣètò nginx yẹn ṣe, tèmi ti bò ó mọ́lẹ̀. Àṣé ó yẹ kí n kọ /etc/nginx/nginx.conf sínú DEBIAN/conffiles, kí dpkg lè máa béèrè kó tó fọwọ́ kàn án.

Mo kọ ọ́, mo di 1.24.0-3. Nígbà tí ìbéèrè yọ lórí sáfà rẹ̀, pé Y (gba tuntun) ni àbí N (fi tèmi sílẹ̀ bó ṣe wà), òun ló sáré tẹ N kí n tó gbọ́wọ́ lé kíbọ́ọ̀dù.