Fífi Linux sórí láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fọwọ́ kúrò lára Windows 10. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí kò lè gbé Windows 11, yálà Ìjẹ̀bú-Òde lẹ ti rà á ni o tàbí Ṣágámù, ṣì lè fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ kí èèyàn tó tẹ "Install" rárá ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́.

Èyí tó ń pa èèyàn lẹ́kún jù ni "Erase disk", ọ̀kan lára ohun tí ẹ máa rí yàn nígbà tí ẹ bá ń fi Linux sórí ẹ̀rọ. Wọ́n á rò pé C nìkan ló máa pa rẹ́, pé D á ṣì wà níbẹ̀. Irọ́ ni. Lórí ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù, yàrá méjì nínú ilé kan ni C àti D, ilé ọ̀hún gan-an lẹ sì ń wó. Fọ́tò Ojúde Ọba, pírójẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè, gbogbo rẹ̀ ló máa bá a lọ. Ẹ kó wọn sórí disk ìta, kí ẹ sì ṣí mẹ́ta mẹ́rin nínú wọn wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ má kó wọn sí fílááṣì tí ẹ fẹ́ fi gbé Linux wọlé o. Òun gan-an ló máa kọ́kọ́ di òfo.

Fílááṣì 8GB ti tó. Ẹ má ṣe da fáìlì ISO, ìyẹn odidi Linux tí ẹ gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, sínú rẹ̀ bí ẹni da orin sí i, kọ̀ǹpútà ò ní lè fi í tàn. Rufus tàbí balenaEtcher, ètò tó ń kọ ISO sórí fílááṣì, ni kí ẹ fi kọ ọ́. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí ẹ ń gbà á, ISO lè má pé, iṣẹ́ á sì dúró lójú ọ̀nà. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó pé, ẹ ṣí cmd, fèrèsé dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí lórí Windows, kí ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, àti SHA256. Nọ́ńbà tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ojú ìwé tí ẹ ti gbà á mu délẹ̀.

Oríṣiríṣi ni Linux. Ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ (ibi ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 4GB, Linux Mint Xfce ló yẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ 32-bit, ìyẹn ẹ̀rọ tó ti gbó gan-an, Ubuntu, Linux tó gbajúmọ̀, ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ wá antiX, Linux tó fúyẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kí Windows wà níbẹ̀, kó pa Fast Startup, ètò tó ń mú Windows tètè tàn, kó sì kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ètò tó ń ti disk pa, sílẹ̀. Díjíìtì 48 ni. Láìsí i, Windows lè tilẹ̀kùn mọ́ yín.

Lórí Dell tàbí Lenovo, F12 lẹ máa tẹ̀ tó bá ń tàn, HP, F9, kí ẹ lè yan fílááṣì. Ẹ kọ́kọ́ lo Linux láti orí fílááṣì, disk ò ní í mọ̀ rárá. Ẹ wo Wi-Fi, ohùn àti bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Wi-Fi Broadcom máa ń ṣe agídí: ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, kí ẹ tan USB tethering, kó lè rí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa fi gba dráífà rẹ̀, ètò tó ń mú Wi-Fi ṣiṣẹ́.

Bátìrì tó ti kú ńkọ́? Ẹ má gbára lé iná NEPA nìkan. Tí iná bá lọ nígbà tó ń pín disk, ẹ̀rọ lè má rí Windows, kó má sì rí Linux. Kò tíì bàjẹ́ o: ẹ ki fílááṣì bọ̀ ọ́ padà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní títàn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí.