Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra mọ́tò àlòkù tàbí tà á nílùú Ọba, ẹ gbọ́ tèmi

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi wá kí wa ní Lawanson. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó wọ bàálù lọ sí Manchester. Bá a ṣe ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ ló sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ fẹ́ ta mọ́tò ẹ̀ fún mi. Mo kàn máa fún un lówó ni, kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àti pátíkúlà, ó parí." Mo gbé òkèlè ọwọ́ mi sílẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń kọ síbí, torí ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní Èkó níbí, èèyàn lè ra mọ́tò lónìí kó máa fi orúkọ ẹni tó tà á wà á fún ọdún méjì. Lọ́hùn-ún, orúkọ tó bá wà lọ́dọ̀ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ mọ́tò, ni òfin mọ̀. Ohunkóhun tí mọ́tò yẹn bá ṣe, ilé onítọ̀hún ni lẹ́tà máa kọ́kọ́ lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́dún 2016, mo ta mọ́tò Corsa mi fún ọmọ ìjọ wa kan. Ó ka owó fún mi, mo kó gbogbo log book, ìwé àkọsílẹ̀ mọ́tò tí DVLA ń fúnni, lé e lọ́wọ́, ó ní òun á bá mi fi ránṣẹ́ sí DVLA. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, lẹ́tà mẹ́ta wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní mo gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ, ládùúgbò tí mi ò dé rí. Fọ́tò wà nínú ọ̀kan: mọ́tò mi, nọ́ńbà mi, àti labalábá aláwọ̀ búlúù tí ọmọ mi obìnrin lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Mi ò kọ ríṣíìtì, mi ò gba àdírẹ́sì. Èmi ni mo san gbogbo ẹ̀.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń tà á, kí mọ́tò tó kúrò níwájú yín, ẹ wọ GOV.UK, ìkànnì ìjọba wọn, kẹ́ ẹ sọ fún DVLA. Ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà mọ́tò, nọ́ńbà gígùn elẹ́yọ 11 tó wà nínú log book, àti orúkọ pẹ̀lú àdírẹ́sì olùrà ni wọ́n máa bi yín. Ẹ ya ewé kékeré tí wọ́n ń pè ní new keeper slip fún olùrà, kẹ́ ẹ sì fa ìyókù ya. Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá sọ fún DVLA lè san ìtanràn tó lè tó £1,000.

Ẹ kọ ríṣíìtì méjì, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún yín: orúkọ, àdírẹ́sì, iye owó, iye máìlì, ọjọ́ àti aago. Ẹ má fojú kéré aago yẹn. Tẹ́ ẹ bá tà á ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí kámẹ́rà wá yà á ní aago méje, ríṣíìtì ló máa gbà yín. DVLA á dá owó tax (owó orí mọ́tò) tó ṣẹ́kù padà fún oṣù tó bá pé. Ní ti ínṣọ́ránsì, ẹ fúnra yín lẹ máa pè wọ́n láti dá a dúró.

Ẹ má purọ́ nípa mọ́tò náà. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún olùrà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè gbé yín lọ sí kóòtù. "Sold as seen" (bó o ṣe rí i lo ṣe rà á) tí àwọn kan ń kọ kì í bo irọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni láti ta mọ́tò tí kò yẹ lójú títì fún ẹni tó máa wà á. Tó bá sì jẹ́ hire purchase, ìyẹn àwìn tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀, lẹ fi rà á, tí gbèsè ò tíì tán, kì í ṣe tiyín láti tà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà ńkọ́? Ilé ẹni tó ń tà á ni kẹ́ ẹ ti lọ wò ó, kẹ́ ẹ sì rí i pé àdírẹ́sì ibẹ̀ ló wà nínú log book. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà ṣáṣì lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ ti inú ìwé. Log book fúnra ẹ̀ kọ ọ́ síwájú pé òun kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó ni mọ́tò, torí náà ẹ bèèrè ríṣíìtì tí ẹni tó ń tà á náà fi rà á. Ẹ wo ìtàn MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún, lórí GOV.UK, ọ̀fẹ́ ni. Tí MOT èṣí bá ní 84,000 máìlì, tí dáṣíbọ́ọ̀dù wá ń sọ 61,000, ẹ máa lọ sílé.

Ẹni tó rà lọ́wọ́ díílà, oníṣòwò mọ́tò, ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá mọ́tò tó lábùkù padà. Lọ́wọ́ aládàáni, kò sí ìyẹn. Ẹ sanwó fún mẹkáníìkì kó bá yín wò ó. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa máa ń ka owó kékeré yẹn sí ìnáwó òfo.

Láti oṣù kẹwàá 2014, tax kì í bá mọ́tò lọ sọ́wọ́ olùrà mọ́. Ẹ fi nọ́ńbà inú new keeper slip san tiyín, kẹ́ ẹ gba ínṣọ́ránsì, kẹ́ ẹ tó ṣáná sí mọ́tò. Ọlọ́pàá lè gba mọ́tò tí kò ní ínṣọ́ránsì lọ́wọ́ yín lójú títì.

Àbúrò mi wá bi mí bóyá òun lè gbé mọ́tò yẹn wálé lọ́jọ́ kan. Mo ní rárá. Ọwọ́ ọ̀tún ni stíárìn ẹ̀ wà, apá ọ̀tún títì sì la ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, ọwọ́ òsì ni stíárìn tiwa máa ń wà. Kó tà á síbẹ̀, kó sì sọ fún DVLA kó tó gbọ̀nà pápákọ̀ òfurufú.