Bí mo ṣe ya akọ ẹja àrọ̀ sọ́tọ̀ lára abo kí n tó gún wọn lábẹ́rẹ́

Ẹja àrọ̀ kì í ṣe adìyẹ téèyàn á kàn rí ogbe lórí ẹ̀ tá á ti mọ̀ pé àkùkọ nìyí. Akọ dúdú, abo náà dúdú, gbogbo wọn ló ní irùngbọ̀n, tí wọ́n bá sì ti wà nínú omi ta ló máa mọ ìyá yàtọ̀ sí bàbá?

Owó ọmọ ẹja ti le jù ni mo fi ní kí wọ́n kúkú máa bímọ lọ́dọ̀ mi, mo bá gba oko ẹja kan lọ ní Ìkòròdù. Àwọn tó ti lé lọ́dún kan, tó tó kílò kan àbọ̀ sókè, ni mo ní kí wọ́n kó síta fún mi, torí ti ẹja kékeré, ẹ má da ara yín láàmú, nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wò ò tíì yọ dáadáa. Mo sì ti pè wọ́n sílẹ̀ pé kí wọ́n má fún wọn lóúnjẹ látàná.

Ọmọkùnrin tó ń kó wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, akọ lèyí, ẹ wo bí orí ẹ̀ ṣe tóbi." Orí kọ́ o jàre. Ikùn náà, ẹ má gbára lé òun nìkan, ẹja tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, ikùn ẹ̀ á yọ síta, ẹ ó rò pé ẹyin ni, oúnjẹ lásán ni.

Mo rẹ táwẹ̀lì sómi, mo fi bo orí ẹ̀ tojú-tojú, tójú ẹ̀ bá ti ṣókùnkùn kì í jà púpọ̀ mọ́. (Ẹ̀gún tó wà lára lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì yẹn ńkọ́, ẹ ṣọ́ra fún un, tó bá gún yín ẹ máa mọ̀.) Mo wá yí ikùn ẹ̀ sókè. Ibi tẹ́ ẹ máa wò ni ihò ìdí ẹ̀, ṣáájú lẹbẹ gígùn tó lọ dé ìdí ìrù. Tó bá jẹ́ akọ, nǹkan kékeré kan á yọ jáde lẹ́yìn ihò yẹn, ó gùn, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó, ó kọjú sọ́nà ìrù, tẹ́ ẹ bá fi ìka kàn án ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ti abo ò gùn báyẹn, roboto ló rí, ojú ẹ̀ là láàárín, tẹ́yin ẹ̀ bá sì ti gbó, ibẹ̀ á pọ́n, á wú díẹ̀.

Abo tí mo bá rí báyẹn, màá fi àtàǹpàkò tẹ ikùn ẹ̀ wẹ́rẹ́ wálẹ̀ sọ́nà ìdí. Èyí tí mo mú, ẹyin ẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ láìjà, wọ́n dọ́gba, ọ̀kan ò lẹ̀ mọ́ ìkejì. Òmíì wà tẹ́yin ẹ̀ ti ń funfun, mo dá a padà sómi.

Akọ ní tiẹ̀, ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àtọ̀ àrọ̀ kì í jáde béèyàn bá fún un, pípa la máa ń pa á ká tó yọ ẹpọ̀n ẹ̀. Ṣé ẹ wá rí ìdí tó fi yẹ kó dá yín lójú? Tẹ́ ẹ bá lọ fi abo ṣe akọ, ìyá tó kún fún ẹyin lẹ máa là dànù. Ẹran akọ ò kúkú ṣòfò, ata la fi sè é.

Mo kó akọ sí bàsíà tiẹ̀, abo sí tiẹ̀, torí wọ́n máa ń bura wọn jẹ. Abẹ́rẹ́ Ovaprim, oògùn tó ń mú kẹ́yin ẹja gbó kó sì jáde, ni mo lò, 0.5 ml fún kílò kan, abo mi tó jẹ́ kílò méjì gba 1 ml, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn níbi tẹ́ran pọ̀ sí. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni, omi wà ní 26 dígírì, nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà ìdájí ẹyin ti ń ṣàn bọ̀ fúnra ẹ̀. Mo la akọ, ẹpọ̀n ẹ̀ funfun, ó kún dáadáa. Mo nu gbogbo nǹkan gbẹ, torí tómi bá ti kan àtọ̀ yẹn kò ní pẹ́ kú, ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi pò ó mọ́ ẹyin kí n tó bu omi sí i, mo wá tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n. Lọ́jọ́ kejì àwọn ẹyin náà ti ń pa.