Eku nínú gádìnì: bẹ́ ẹ ṣe máa lé e láì bá ará ilé kejì jà

Ẹni tó bá rí eku lórí fẹ́ǹsì lálẹ́, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti mọ ẹni tó ni ín, ó ti pinnu pé àwọn ará ilé kejì ló ń sìn ín, bẹ́ẹ̀ eku yẹn lè máa sùn lọ́dọ̀ yín, kó máa jẹun lọ́dọ̀ tiwọn, kó tún lọ máa mumi nílé kẹta. Kì í sábà rìn jìnnà síhò ẹ̀, bíi mítà 30 sí 50 náà ni, ṣùgbọ́n ilé mẹ́ta mẹ́rin lè wà láàárín ibẹ̀ yẹn. Torí náà kẹ́ ẹ tó lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọ̀dọ̀ tiyín wò, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín náà ni "ẹ̀yin ńkọ́?"

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ jáde nígbà tílẹ̀ bá ń ṣú. Ẹ wo ìdí fẹ́ǹsì, abẹ́ òkìtì pákó, ẹ̀yìn ilé adìyẹ, abẹ́ kọnkéré tó ti sán. Ihò eku tó ń gbẹ́lẹ̀ máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 9, ẹnu ẹ̀ á dán, yẹ̀pẹ̀ tuntun á wà níwájú ẹ̀, tí aláǹtakùn bá ti ta owú sí i lẹ́nu, á jẹ́ pé ó ti kó kúrò ńbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà náà máa ń hàn, koríko ibẹ̀ á tẹ́, ara ògiri á sì dúdú torí ọ̀rá ara wọn tó ń rà mọ́ ọn lójoojúmọ́. Ìgbẹ́ wọn tó bá ṣì rọ̀ tó ń dán, tuntun nìyẹn, èyí tó ti gbẹ tó ti ń funfun ti pẹ́.

Ẹ wo irú eku tó jẹ́ pẹ̀lú. Eléyìí tó tóbi tó ki, tí ìrù ẹ̀ ò gùn tó ara ẹ̀, ilẹ̀ ló ń gbẹ́. Eléyìí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìrù ẹ̀ gùn ju ara ẹ̀ lọ, òkè ló ń gbé, lórí igi, nínú àjà, lábẹ́ òrùlé. Àwọn kan á ní kí ará ilé kejì hú gbogbo òdòdó ìdí fẹ́ǹsì dànù, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ka igi tiwọn fúnra wọn tó sùn lé páànù leku ń gbà wọlé.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ihò tó ṣì ní eku nínú, ẹ rún bébà, ẹ fi dí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan lọ́sàn-án, ẹ má tẹ̀ ẹ́ le. Ẹ padà wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Èyí tí wọ́n bá ti bébà ẹ̀ síta, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Tí fẹ́ǹsì bá ní àlàfo nísàlẹ̀, ẹ bu páúdà sílẹ̀ níbẹ̀ kó fẹ́lẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín o, kó tó di àárọ̀ ẹ máa rí ipa ẹsẹ̀ kéékèèké àti ìlà tí ìrù wọ́ lọ, ẹ ó sì rí ibi tó kọjú sí. Ẹ ya fótò ẹ̀. Fótò yẹn máa wúlò ju ariwo lọ.

Oúnjẹ ló kàn. Kò sí pàkúté tó lè borí oúnjẹ ọ̀fẹ́. Oúnjẹ adìyẹ tó dà sílẹ̀, abọ́ oúnjẹ ajá tó sùn síta, èso tó já bọ́ lábẹ́ igi, oúnjẹ tí wọ́n gbé kọ́ fún ẹyẹ, ẹ kó gbogbo ẹ̀ kúrò kílẹ̀ tó ṣú. Kẹ́ ẹ tọ́jú oúnjẹ ẹran sínú nǹkan onírin tó lọ́mọrí, àpò àti ike ò dá eku dúró torí eyín iwájú ẹ̀ kì í yéé hù, kò lè ṣe kó má gé nǹkan jẹ. Ẹ̀rọ omi tó ń jò, ẹ tún un ṣe, eku tó ń gbẹ́lẹ̀ nílò omi lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá ní òkìtì ajílẹ̀, ewé àti èèpo ẹ̀fọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ máa dà sí i, ẹ má da oúnjẹ sísè, ẹran tàbí nǹkan olóròóró sí i, ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa yí i kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i, torí ibi tó gbẹ tẹ́nikẹ́ni ò dà láàmú ni eku ń wá.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí o, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á jí lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á tú òkìtì pákó tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, wọ́n á gé gbogbo igbó, wọ́n á jó pàǹtí, inú wọn á dùn pé ilé ti mọ́. Eku tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò kú, ó kàn fo fẹ́ǹsì ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tí ò ní wàhálà kankan tẹ́lẹ̀ ti ní. Pàkúté ló yẹ kó ṣíwájú, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dín wọn kù, kẹ́ ẹ wá tú òkìtì lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tú u fún ará ilé kejì káwọn náà lè múra sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa tún pákó tò, ẹ gbé e sókè kúrò nílẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kó má fara ti ògiri. Ẹ̀ka igi tó sún mọ́ òrùlé, ẹ gé e kó jìnnà ju mítà kan lọ, eku ń fò dáadáa.

Pàkúté onísípíríìn tó tóbi tó fún eku ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ti èkúté kékeré. Ẹ̀yin náà á ti rí i pé eku máa ń fura sí nǹkan tuntun, pàápàá eléyìí tó ń gbẹ́lẹ̀, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó sún mọ́ ọn. Nítorí ẹ̀, ẹ fi oúnjẹ sórí ẹ̀ láì dẹ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi jẹ oúnjẹ yẹn tán lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá dẹ gbogbo ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ̀pà lílọ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa, díẹ̀ báyìí, bíi ẹ̀wà kan, tó bá pọ̀ á kàn lá a lọ ni. Ẹ gbé e dá ògiri lábùú, kí ibi oúnjẹ kan ògiri, torí ẹ̀gbẹ́ ògiri leku ń rìn. Ẹ fi pákó bò ó tàbí kẹ́ ẹ gbé e sínú àpótí tó nihò, kọ́mọdé, ológbò àti ẹyẹ má bàa kó sí i. Pàkúté kan ṣoṣo ò tó nǹkan kan jàre, ẹ dẹ ẹ́ púpọ̀, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Gọ́ọ̀mù tó ń lẹ eku mọ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ìyà ló fi ń jẹ ẹran, ó sì máa ń mú ẹyẹ àti aláǹgbá. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń ké kéku sá, ariwo ẹ̀ á mọ́ wọn lára, owó yín ló ṣòfò.

Oògùn eku ńkọ́? Èmi ò ní fi í ṣe àkọ́kọ́. Àwọn tó wọ́pọ̀, bíi bromadiolone àti brodifacoum, ńṣe ni wọ́n máa ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ má lè dì, eku ò ní kú lójú ẹsẹ̀, ó lè gba bí ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì lọ kú síbi tó wù ú, ó lè jẹ́ inú àjà ará ilé kejì, ẹ wá lọ ṣàlàyé òórùn yẹn fún wọn. Ajá, ológbò tàbí òwìwí tó bá jẹ eku náà lè kó májèlé yẹn. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ lò ó, inú àpótí tó ní àgádágodo ló gbọ́dọ̀ wà, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, kẹ́ ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tó ní ẹran ọ̀sìn nítòsí kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀. Tájá bá jẹ ẹ́, ẹ mú páálí yẹn dání lọ bá dókítà ẹranko kíákíá, ẹ má dúró de àmì àìsàn, Vitamin K1 wà tí wọ́n fi ń wò ó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá ìgbẹ́ eku, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, ẹ wọ́n ọn kó rin gbingbin, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5 kẹ́ ẹ tó nù ún kúrò. Ìtọ̀ wọn lè kó àrùn kan tí wọ́n ń pè ní leptospirosis ranni látojú ọgbẹ́, nítorí ẹ̀ ẹ wọ bàtà nínú gádìnì, tí ibà bá sì mú yín lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn, ẹ sọ ọ̀rọ̀ eku fún dókítà.

Ilé wá kù. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ihò tí àtàǹpàkò bá lè wọ̀, ẹ dí i, pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tàbí nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú ẹ̀ ò ju mìlímítà 6 lọ. Sípọ́ǹjì onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò lè bá a ṣe díẹ̀ kí bíríkìlà tó dé.

Ẹ wá lọ bá ará ilé kejì, lójú ọ̀sán, nígbà tínú ò bí yín, ẹ má gbé òkú eku dání. Ẹ lè sọ pé: "Ẹ kúulé o mà. Eku ń yọ wá lẹ́nu lọ́dọ̀ wa, a ti ń dẹ pàkúté, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀nà kan nídìí fẹ́ǹsì, ó jọ pé wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀, fótò ẹ̀ rèé. Ṣé ẹ̀yin náà ti ń rí wọn? Tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é lọ́sẹ̀ kan náà." Bẹ́ ẹ bá ṣe é lọ́sẹ̀ kan náà, kò ní síbi tí wọ́n á sá sí. Tí wọ́n bá ń sin adìyẹ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí wọ́n tà á, oúnjẹ tó ń sùn sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ dárúkọ. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tí agbára ẹ̀ ò gbé e mọ́, ẹ bá a kó pàǹtí yẹn, ẹ̀yin náà lẹ máa jèrè ẹ̀. Owó tẹ́ ẹ máa fi dí àlàfo fẹ́ǹsì, ẹ pín in sí méjì.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n wá bá ńkọ́? Ẹ má búra o. Ẹ ní "ẹ wọlé, ẹ wá wò ó," ìbínú ẹni tó rí pàkúté tẹ́ ẹ ti dẹ máa ń rọlẹ̀.

Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ jọ sọ ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù kó lè ní déètì, ẹ máa kó fótò jọ láti ọ̀dọ̀ tiyín, ẹ má wọ ọgbà ọlọ́gbà. Lánlọ́ọ̀dù tàbí àwọn aṣíwájú àdúgbò ló kàn, lẹ́yìn náà wolé-wolé, tó máa wá wo ilé méjèèjì o, torí náà ẹ jẹ́ kí tiyín mọ́. Ẹ má ju òkú eku tàbí oògùn sọ́dọ̀ wọn, kẹ́ ẹ má sì gbé fótò ilé wọn sórí WhatsApp àdúgbò, ọ̀rọ̀ eku á parí, tìyẹn ò ní parí.

Oyún eku ò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó sì lè bímọ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹ̀ ẹ má kó pàkúté kúrò torí pé ẹ ò rí eku lọ́jọ́ méjì. Ẹ tún fi bébà dí àwọn ihò yẹn. Tí bébà bá wà níbẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ẹ rọ yẹ̀pẹ̀ kún ihò, ẹ tẹ̀ ẹ́ le, kẹ́ ẹ fi pàkúté méjì sílẹ̀ nídìí fẹ́ǹsì, ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ wọn.